Ọ̀pá Ìwọ̀n Bàbá àti Ògiri Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé otútù ibẹ̀ ò tíì gba ìka lọ́wọ́ rẹ? Èmi wà dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jiyàn, èmi náà kì í sì gbà fún un. Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta rèé. Bóyá ìwé ti tán lọ́dọ̀ yín, mi ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí náà mo jókòó kọ ọ́. Ògiri ẹ̀yìnkùlé, ti yàrá ìyá rẹ, ti tún là. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Láti abẹ́ fèrèsé ló ti là dé ilẹ̀, ọwọ́ mi sì ń wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ìyá rẹ jí láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó rí alángbá tó yọ orí níbẹ̀, wọ́n wo ara wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní, "Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìwọ bíríkìlà, ògiri tìrẹ ló lanu." Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ní òun ò ní sùn sínú yàrá yẹn mọ́ àfi tí òun bá rí ògiri tí òun lè fẹ̀yìn tì.

Ìwọ wò ó. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọnrangandan, torí pé ògiri mi kì í wọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń mọ ògiri fún ẹni ẹlẹ́ni, ìyàwó mi ló wá ń sá fún tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Mo máa wó o lulẹ̀, mo máa to bulọ́ọ̀kù tó nípọn jù lọ ní ìlọ́po méjì, kí n wo ilẹ̀ tó máa tún mì ín. Òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o kọ̀wé sí ìyá rẹ, kí o ní kó máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ rẹ ló máa ń gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, Gbọnrangandan.


Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi, iṣẹ́ ló wọ̀ wá lọ́rùn. Ìka mi pé mẹ́wàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

Mi ò ní bẹ Màmá kó padà sínú yàrá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí parí kí ẹ tó ju awò ojú yín nù. Ògiri mẹ́ta lẹ ti mọ síbẹ̀, ìkejì wúwo ju ìkíní, ìkẹta wúwo ju ìkejì, gbogbo wọn ló là. Ẹ̀bi ọwọ́ yín kọ́. Ilẹ̀ yẹn ló rọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ ni mo ti ń wa amọ̀ tí mo fi ń mọ ilé ìṣeré. Ẹ tún wá fẹ́ gbé èyí tó wúwo jù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Ìsàlẹ̀ ògiri wa, kọnkéré ni. Ó ga dé orúnkún, irin sì wà nínú rẹ̀ láti igun dé igun, kó lè jókòó sórí ilẹ̀ rírọ̀ láìpín sí méjì. Férémù igi la máa ń gbé lé e lórí: òpó tó dúró, àti igi ìdábùú tó ń mú òpó kan mọ́ èkejì. Àárín òpó sí òpó, kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la fi ń dí i, kì í nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Kọnkéré ń gbé ẹrù, igi ń gba ìmìtìtì. Bí ilẹ̀ bá sún díẹ̀, igi á yẹ̀ díẹ̀, kò ní là. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń kan férémù báyìí. Ọkùnrin mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn dàgbà tó yín, ó sì máa ń pè mí ní Ọ̀gá.

Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí. Téèpù la fi ń wọn nǹkan níbí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò gba irin tó ń ká kò gbọ́, torí náà ọ̀pá ni mo fi kọ ọ́, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Gígùn ògiri yẹn jẹ́ ọ̀pá mẹ́rin gẹ́lẹ́. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tó ku ọ̀la kí n rìnrìn àjò. Gíga òpó, ẹ wọn ìyẹn fúnra yín láti orí kọnkéré dé abẹ́ òrùlé.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Ẹ má ri ẹsẹ̀ òpó mọ́ inú kọnkéré tútù. Mo mọ̀ pé ojú yín ò lè gba àlàfo, ṣùgbọ́n igi tí a bá rì mọ́ kọnkéré, omi ló máa ń mu títí tó fi máa jẹrà. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí irin pẹlẹbẹ, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ gbé àwòrán náà fún ọ̀gá mi, Ìṣólẹ́nu káfíńtà, ó máa mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó yọ ìṣó lẹ́nu kó tó dáhùn.

Ọmọ yín, ọ̀gá àwọn onígi.


Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta

Ọmọ mi, ọ̀gá àwọn ọkùnrin mẹ́fà,

Mo kí ọ. Mo gba lẹ́tà rẹ, mo ju awò ojú nù lẹ́ẹ̀mejì, mo tún lọ mú un. Igi, nínú ilé bíríkìlà. Àwọn ikán á ránṣẹ́ pe ẹbí wọn. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá á ní Gbọnrangandan ti ń kan ilé bí ẹni ń kan àgò adìẹ. Ìwọ tí mo kọ́ ní iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù fún ọdún mẹ́rin, tí o mọ sìmẹ́ńtì pò ju ọkùnrin lọ, ìwọ lo wá ń gbé igi wọlé mi.

Ṣùgbọ́n èmi kì í purọ́ fún iṣẹ́. Mo wó ògiri náà, mo gbẹ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí kòtò dé itan mi, omi ń sun jáde, ṣọ́bìrì sì ń wọlé láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sétí kòtò yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá ilẹ̀ yẹn jà. Òun ò bá mi jà rárá, ó kàn rọ̀ ni.

Torí náà mo gbà. Mo ti rọ kọnkéré ìsàlẹ̀ láti ògiri apá òsì dé ti apá ọ̀tún, mo fi irin sí i bí o ṣe yà á. Tí o bá gbé ẹyin lé e, kò ní yí. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí dáadáa: ọkùnrin tí o dárúkọ yẹn ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé mi. Má bi mí nídìí. Èmi fúnra mi ni mo máa kan férémù náà. Ta ló ní bíríkìlà ò mọ ayùn lò?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ kọnkéré. Mo mọ̀ pé ó tọ́, kò dìgbà tí mo bá rí i.

Ẹ ní kí n má bi yín nídìí, mo sì mọ ìdí ọ̀hún. Ọdún méje ni mo ti kúrò nílé, ẹ ò sì tíì dárí ji ọkùnrin yẹn pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ igi. Bàbá, èmi ni mo lọ bá a, kò wá jí mi gbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó ní kí n wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Mo ti dàgbà tó ẹni tí à ń bínú sí.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ́ ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wa. Ẹ̀yin mọ ògiri, òun kan òrùlé. Ẹ wá fẹ́ máa fi orúnkún yẹn jókòó ti igi, ẹ̀yin nìkan. Màmá kọ̀wé sí mi, ó ní òun gbọ́ pé ayùn gé yín ní àtàǹpàkò, ẹ sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìṣó ló gún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pè é.

Mo bínú, ṣùgbọ́n ọmọ yín náà ni mí.


Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Báwo ni ara? Àtàǹpàkò mi ti san. Ìyá rẹ ò sí nílé, ó sì mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé bí o ṣe ń wọn nǹkan níbẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀gá? Mo gé igi ìsàlẹ̀ àti igi òkè ní ọ̀pá mẹ́rin gẹ́lẹ́, bí o ṣe kọ ọ́. Mi ò tún ògiri wọ̀n, torí pé o ní o ti wọ̀n ọ́n, mo sì gbà ọ́ gbọ́ ju téèpù lọ. Mo kan gbogbo rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Mo pe géńdé mẹ́rin, a gbé e dìde, a gbé e lé kọnkéré lórí. Ó kúrú. Àlàfo tó ṣẹ́kù lápá ọ̀tún tó gígùn ọwọ́ mi, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà ní, "Baba, bóyá ilé ló gùn sí i." Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn.

Ní ti ọkùnrin yẹn, má gbé ohun tí kì í ṣe tìrẹ sórí. Kì í ṣe torí pé o kọ́ṣẹ́ igi. Inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ, mi ò kàn sọ ọ́ ni. Ohun tó ṣe nìyí. Lọ́sẹ̀ tí o rìnrìn àjò, ó wá dágbére fún ọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀pá ìwọ̀n mi máa ń wà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo wá ọ̀pá mi, mi ò rí i. Ọ̀pá tí bàbá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bàbá mi gbé e dúró níwájú mi, ó gé e níbi tó ti kan àgbọ̀n mi, ó ní, "Ara rẹ ni kí o máa fi wọn ayé." Igi rẹ̀ dára, káfíńtà yẹn sì ti yìn ín lójú mi rí. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní kó gbé ọ̀pá mi wá. Ó yọ ìṣó lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé èmi lò ń pè lólè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá ìṣó padà sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà a ò kíra wa mọ́. Mo gé ọ̀pá mìíràn, mo jẹ́ kó kan àgbọ̀n mi bíi ti àkọ́kọ́, òun ni mo ń lò títí dòní.

O ti mọ̀ báyìí. Fi ìwọ̀n tó tọ́ ránṣẹ́ sí mi kíá. Òjò ti ń ṣú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ṣé ara rẹ le? Mo bi ìyá rẹ, ó ní o kọ̀wé sí òun, o ní ara rẹ le. Kí ló wá dé tí o ò dá mi lóhùn? Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìwọ̀n ló dùn ọ́? Mo fi ṣàwàdà ni, o mọ ẹnu mi. Tó bá dùn ọ́, má bínú.

Òjò ti dé. Mo fi tapólì bo ibi tí ògiri wà, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a láti àárọ̀ dalẹ́ bíi pé àlejò ń kanlẹ̀kùn. Férémù wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wò ó. Ó fọ àwo tó wà nílẹ̀, ó sì padà lọ. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Ilé yìí ti tóbi jù fún ẹnì kan.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé.


Ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ tí mo tún fà ya. Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀pá yín wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti wà lára ògiri lókè ibùsùn mi láti ọdún méje. Èmi ni mo mú un. Nígbà tó ku ọ̀la kí n lọ, ẹ ò sí nílé, mo fi í wọn ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo fi í wọn yàrá, mo fi í wọn ibi tí Màmá máa ń jókòó sí, bíi pé mo fẹ́ di gbogbo ilé mọ́ ẹrù mi. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tán, mi ò lè dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fi ẹní wé e. Mo ní ẹ máa gé òmíràn, pé ọ̀pá lásán ni lójú yín. Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rí nínú lẹ́tà kankan. Mo wá rò pé ẹ mọ̀, pé ẹ kàn fi í sílẹ̀ fún mi ni.

Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń ru ẹ̀bi mi kiri. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo gbójú sókè, ọ̀pá náà ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo fi aṣọ bò ó. Ọ̀gá mi kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, èmi ni mo sọ ọ́ di olè. Mo ti kọ lẹ́tà sí i lọ́tọ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ fún Màmá náà.

Ní ti ìwọ̀n, ọ̀pá mẹ́rin ni, mi ò ṣì í. Ẹ̀yin àtèmi ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá, ọ̀pá wa ni kì í ṣe ọ̀kan. Tiyín ti kúrò lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí, ó ń bọ̀. Tó bá dé, ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má tú férémù náà dànù. Ẹ rọ òpó kọnkéré sínú àlàfo yẹn, kí ẹ fi irin mú un mọ́ igi. Bí a ṣe ń ṣe níbí nìyẹn tí igi bá kúrú. Ògiri náà máa dúró, mo fi iṣẹ́ mi búra fún yín.

Ẹ bínú sí mi bó ṣe yẹ. Ẹ kàn má dákẹ́ bí èmi ṣe dákẹ́.

Ọmọ yín tó jẹ̀bi.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Dìde nílẹ̀. Orúnkún kan tó ń dunni nínú ẹbí ti tó.

Mi ò bínú. Irọ́ ni, mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀pá dé. Mo tú u, mo gbé e dúró níwájú ara mi bí bàbá mi ti ṣe. Kò kan àgbọ̀n mi. Ó kọjá àgbọ̀n, ó dé ètè. Mo ní, igi yìí ti hù sí i lókè òkun. Mo wọ bàtà, mo na ẹ̀yìn, ètè náà ni. Mo gbé ọ̀pá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta kúrú sí i. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọ̀pá ò gùn, ilé ò gùn. Bàbá rẹ ló ti ń kúrú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Gbọnrangandan ti tẹ̀ díẹ̀, ó sì ń fi ara tó tẹ̀ wọn ilé fún àwọn èèyàn. Gbogbo yàrá tí mo kọ́ láti ọdún méje ló fi díẹ̀ kéré. Ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn, torí náà pa ẹnu mọ́.

Ẹyin lohùn. Níwájú oníbàárà ni mo ti fọ́ tèmi, torí náà níwájú oníbàárà ni mo gbé ọ̀pá náà lọ. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ gba àga. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọdún méje sẹ́yìn mo pe ọkùnrin yìí lólè. Ọmọ mi ló mú ọ̀pá, òun kọ́. Mo jẹ̀bi." Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún mi kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dì mí mú kí n má ṣubú. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ àpò rẹ̀, mo rí lẹ́tà rẹ níbẹ̀. Ó ti mọ̀ kí n tó dé. Èmi ló ń retí. Ó mú ayùn, ó mú òòlù, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọjú sọ́nà ilé wa. Obìnrin náà ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ó ní àga òun ńkọ́.

Nígbà tó rí férémù mi, ó rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ lẹ́yìn ọdún méje ni, "Ta ló kan èyí, ewúrẹ́?" Ó tú ìdajì rẹ̀, ó tún un kàn. Èmi rọ òpó kọnkéré sínú àlàfo apá ọ̀tún, òun lu ihò sára igi, a fi irin mú méjèèjì mọ́ra, a sì fi kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí àárín àwọn òpó. Mo fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ àwọn òpó igi bí o ṣe wí. Ó dùn mí, mo sì fi í sílẹ̀. Òjò ńlá mẹ́ta ti rọ̀ sí i. Ilẹ̀ sún, mo gbọ́ tí igi dún díẹ̀, kò sì là. Gbọ́ ọ lẹ́nu bíríkìlà: òun ni ògiri tó dára jù nínú ilé yìí. O lè ka ibẹ̀ yẹn sétí àwọn ọkùnrin rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìyá rẹ wá lọ́jọ́ ìsinmi. Ó fi ọwọ́ gbá kọnkéré, ó gbá igi, ó wo abẹ́ fèrèsé bóyá alángbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó na ẹsẹ̀, ó ní ta ló máa lọ bá òun gbé ẹrù òun wá. Èmi àti Ìṣólẹ́nu la lọ gbé e.

O máa bèèrè ọ̀pá. Mo fẹ́ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni, Ìṣólẹ́nu sì yọ ìṣó lẹ́nu. Ó ní, "Ọdún méje ni mo fi jẹ́ olè ọ̀pá yẹn. Ìtìjú rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ọ̀pá. Gbé e wá." Mo gbé e fún un. Tí o bá dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti lọ kí ọ̀pá náà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fi ìka mẹ́ta kúrú.